Àpòòwé Tó Wọ Ìgbéyàwó Ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ Sátidé tí Ẹ̀gbọ́n Jina ibi iṣẹ́ wa ṣe ìgbéyàwó, oúnjẹ kò tíì kan ẹnu mi fún wákàtí mẹ́tàdínlógún. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta won, owó ilẹ̀ Korea, ni ilé ìgbéyàwó yẹn ń gbà lórí oúnjẹ ẹnì kan. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ kó tó lọ síbẹ̀, owó ló fi ṣòfò.

Mi ò lówó tí mo lè fi ṣòfò. Ọdún méjì ni mo ti ń gbé nínú yàrá kan ní Daegu tí kò ní fèrèsé. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, ògiri ọ̀tún àti ti òsì ni wọ́n ń kàn. Bí mo bá paná, ọ̀sán àti òru di ọ̀kan náà. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, mo sùn lọ, mo jí láago méje, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo sì rìn títí dé ilé iṣẹ́ tí mo ti ń gé dígí awò ojú. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà kí mi pé ẹ kú alẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kó lọ sí ibi tí mo ti lè rí oòrùn.

Mo rí ọ̀kan. Ìyá Pi, opó kan tó nílé nítòsí ibi iṣẹ́ wa, ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tó ní fèrèsé gidi, tó ṣeé ṣí. Owó oṣooṣù rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n owó ìdógò rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta won. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi kó owó náà jọ. Ìyá Pi ní bí òun kò bá rí gbogbo rẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń dúró, òun yóò sì fún un. Ní àárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, mílíọ̀nù mẹ́ta géérégé ló wà ní báńkì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún won wà nínú àpòòwé fún Ẹ̀gbọ́n Jina, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá sì wà nínú àpò mi, èyí tó gbọ́dọ̀ gbé mi dé ọjọ́ owó oṣù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Èèyàn lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò dín ti inú àpòòwé kù. Kò ṣeé dín. Nígbà tí ìyá mi àgbà kú, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ni Ẹ̀gbọ́n Jina mú wá síbi òkú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé wa, kí a lè dá iye kan náà padà bó bá di tirẹ̀. Bí mo bá mú àádọ́ta lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀, wọn yóò kọ ìyẹn náà sínú ìwé ilé tiwọn, tabìlì èmi àti Ẹ̀gbọ́n Jina sì fara kan ara wọn ní ibi iṣẹ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù láti kó owó jọ ni Yàrá Àwọn Alágbe. Orí fóònù ni yàrá náà wà. A tó ọ̀ọ́dúnrún níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni gbogbo wa, a kò sì mọ ojú ara wa. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohunkóhun tí o bá fẹ́ náwó lé lórí, kọ́kọ́ wá sọ ọ́ kí àwọn tó kù bú ọ. Bí o bá ti ná an tán kó o tó wá sọ, wọ́n á bú ọ ní ìlọ́po méjì.

Obìnrin kan ra kọfí oníyìnyín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọ́n bi í bóyá omi ti gbẹ ní ibi iṣẹ́ wọn ni. Ọkùnrin kan wọ takisí nítorí òjò. Wọ́n bi í bóyá iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹnì kan tọrọ àyè láti ra oògùn ẹ̀fọn; wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹun, pé ó kéré tán, ẹnì kan á jẹ ẹran nínú ilé yẹn. Orúkọ tí ẹni tó dá yàrá náà sílẹ̀ ń jẹ́ níbẹ̀ ni Abọ́ Òfìfo. Oṣù méje ló fi lo ọṣẹ ìfọyín kan. Nígbà tó tán, ó fi sísọ́ọ̀sì là á sí méjì, ó sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ṣíbí Erùpẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tálákà níbí, ni orúkọ tèmi. Lẹ́yìn Abọ́ Òfìfo, èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbọ̀sẹ̀ Kan. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan péré ló ya lára èyí tó ní. Mo bú u títí ó fi yí orúkọ rẹ̀ padà.

Nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ àpòòwé náà wá síwájú wọn, wọ́n gbà láìjà, nítorí owó òkú kò ṣeé bá ẹnikẹ́ni du. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ jẹ méjìlélọ́gọ́ta náà tán nínú oúnjẹ. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Omi Ọ̀fẹ́, tó ti fọ abọ́ rí ní irú ilé ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ló ṣe ètò rẹ̀ fún mi. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìrẹsì. Mi ò gbọdọ̀ mu ọbẹ̀ olómi. Omi ẹlẹ́rìndòdò, èèwọ̀ ni. Egungun ìhà màlúù tí wọ́n yan ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà ẹja tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà akàn. Abọ́ Òfìfo ló pàṣẹ pé kí n gba ààwẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè.

Mo fi ẹsẹ̀ rin àádọ́ta ìṣẹ́jú láti fi owó bọ́ọ̀sì pamọ́. Mo dé ilé ìgbéyàwó náà ní ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá tó lù. Ilé náà ga. Ìpele kejì ni yàrá ìjẹun wà, wọ́n sì ń ṣe ìgbéyàwó ní ìpele kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti ẹnì kan bá ṣe ń jáde ni ti ẹlòmíràn ń wọlé. Ìpele kẹrin ni ti Ẹ̀gbọ́n Jina, láago méjìlá ààbọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ti kà á nínú ìwé ìpè ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Àṣìṣe mi kò ju pé lífìtì dúró ní ìpele kejì. Ilẹ̀kùn ṣí, òórùn egungun ìhà sì wọlé bá wa. Nígbà tí lífìtì dé ìpele kẹta, àwọn èrò jáde, mo sì bá wọn jáde. Ẹni tí kò jẹun fún wákàtí mẹ́tàdínlógún kì í ka nọ́ńbà. Mo rí tabìlì tí wọ́n kọ "Ẹbí Ìyàwó" sí, mo rí ìlà, mo sì tò. Mo tẹríba, mo fi ọwọ́ méjèèjì na àpòòwé mi, orúkọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n kọ mí sínú ìwé. Ọkùnrin sísanra kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ. Orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ wà lára pátákó ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi òdòdó yí ká. Mi ò wò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ kí ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ti ìdí tabìlì àpòòwé lọ sídìí oúnjẹ tààrà, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn wí. Mo sọ fún ara mi pé ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò dára ju ẹran tó ti dúró lọ, àti pé Ẹ̀gbọ́n Jina kò ní tutù.

Mo tẹ̀ lé ètò Omi Ọ̀fẹ́. Mo jẹ egungun ìhà mẹ́sàn-án, àwo ẹja tútù méjì àti akàn kan. Mo ń ya fọ́tò abọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí yàrá náà. Gbogbo wọn ló ń bá mi ka iye rẹ̀, wọ́n sì ń rán mi létí pé kí n má mumi, nítorí omi ń gba àyè. Omi Ọ̀fẹ́ ṣírò rẹ̀, ó ní mo ti jẹ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì, pé ó ku mọ́kànlélógún.

Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta wà lára ògiri yàrá ìjẹun, wọ́n ń fi ìgbéyàwó ìpele kọ̀ọ̀kan hàn níbẹ̀, kí ẹni tó ń jẹun lè sọ pé òun wo ìgbéyàwó. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbé ojú sókè sí ti ìpele kẹta. Ìyàwó kan ń wọlé bọ̀, ó ga bí àkàbà. Èjìká mi ni Ẹ̀gbọ́n Jina mọ. Mo kọ́kọ́ rò pé bàtà ni. Mo wo bàbá tó mú un lọ́wọ́, mo rí i pé ó ní irùngbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ bàbá Ẹ̀gbọ́n Jina, kò ní. Mo wo tẹlifíṣọ̀n kejì. Àwọn àga òfìfo ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, orúkọ Noh Jina sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Egungun kẹwàá wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ sí yàrá náà bó ṣe rí.

"Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún," Ìbọ̀sẹ̀ Kan ló kọ́kọ́ kọ̀wé. "O gbé e fún ẹni tí o kò rí rí láyé rẹ. Ìwọ. Ìwọ tó bú mi nítorí ìbọ̀sẹ̀."

"Ẹran mélòó ló ti wọlé?" Abọ́ Òfìfo bi mí.

Mo ní mẹ́sàn-án.

"Dá ọwọ́ dúró. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹran olóhun lò ń jẹ."

Lẹ́yìn náà gbogbo wọn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní kí n yọ ọgọ́rùn-ún mìíràn ní báńkì. Bí mo bá yọ ọ́, owó ìdógò kò ní pé mọ́, fèrèsé sì ti lọ nìyẹn. Àwọn kan ní kí n máa lọ sílé láìfún Ẹ̀gbọ́n Jina ní nǹkan kan, kí n sọ pé inú ń run mí. Ìyẹn máa túmọ̀ sí pé orúkọ mi kò ní sí nínú ìwé wọn, èmi tí mo máa jókòó tì í láago mẹ́jọ àárọ̀ lọ́jọ́ tó bá padà dé láti ìrìn àjò ìgbéyàwó. Abọ́ Òfìfo ló sọ èyí tó bọ́gbọ́n mu: kí n padà sókè lọ gba àpòòwé mi kí wọ́n tó ṣí i, kí n sì gbé e dé ìpele kẹrin kí wọ́n tó ká tabìlì ibẹ̀.

Ọkùnrin oníbọ̀wọ́ funfun náà ṣì wà nídìí tabìlì, ó ń di ẹnu báàgì owó. Ọ̀gbẹ́ni Maeng ni orúkọ rẹ̀, àbúrò ìyá ìyàwó. Mo tẹríba títí orí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tabìlì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àpòòwé mi padà. Ìgbéyàwó tí mo wá kọ́ nìyí."

Ó ní nínú gbogbo ìgbéyàwó tí òun ti jókòó tì, ẹnì kan máa ń wà bẹ́ẹ̀, pé àwọn olè òde òní ti mọ ẹ̀tọ́ ìkíni. Mo sọ orúkọ mi. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ mi hàn án. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka wá a, ó sì rí mi: Gil Danbi, nọ́ńbà mẹ́tàléláàádọ́rin. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ti ki ọwọ́ bọ inú báàgì kó tó wo àgbọ̀n mi, níbi tí ọbẹ̀ ẹran ti gbẹ sí.

"Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fún ọ dà?"

Mo ní mo ti fún obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun.

"O ti jẹun nìyẹn."

"Díẹ̀ ni, bàbá."

"Báwo ni díẹ̀ ọ̀hún ṣe tó?"

Mi ò lè purọ́ fún àgbàlagbà. Mo sọ iye egungun náà, mo sọ ti ẹja, mo sì sọ ti akàn. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí mo kó wọn sí.

Ó ní kò sí ìjà níbẹ̀: òun yóò yọ ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta, òun yóò sì fún mi ní méjìdínlógójì. Mo ní rárá, pé mọ́kànlélógójì péré ni mo jẹ. Ó ní ta ló ṣírò rẹ̀. Mo fi fóònù mi hàn án. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yàrá Àwọn Alágbe láti òkè wálẹ̀, ó ń fi ìka funfun yẹn tì í. Ó ka ti ọṣẹ ìfọyín. Ó ka ti ẹ̀fọn, ó sì sinmi díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ilé ìgbéyàwó kì í ta ẹran ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tó bá wọlé ti jẹ méjìlélọ́gọ́ta, ì báà ṣe ata nìkan ló lá. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹ́ òótọ́.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí onífọ́tò fi yọ orí láti inú gbọ̀ngàn, tó ní àkókò fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ ti tó, pé ọ̀rẹ́ ọkọ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀rẹ́ ìyàwó sì jẹ́ mẹ́rin. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Maeng bóyá àwọn tó kù ń bọ̀.

Wọn kò bọ̀. Ọmọ erékùṣù Ulleung ni ìyàwó náà. Ìjì ti jà lórí òkun láti Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ojú omi kò gbéra, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì há sí èbúté. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Maeng ti fi fóònù pe àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń háyà ọ̀rẹ́ fún ìgbéyàwó. Wọ́n ní Sátidé oṣù òdòdó ni, ọ̀rẹ́ ti tán. Ìyá ìyàwó ti ń sunkún láti ìgbà yẹn, nítorí fọ́tò yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ sí ilé àwọn àna, títí láé ni wọn yóò sì máa ka orí.

Ọ̀gbẹ́ni Maeng yí ojú padà sí mi.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Ẹgbẹ́ ìyàwó ni ọ́. Ṣé o lè sunkún?"

Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá háyà. Ó ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Mo ní ṣé ti ẹni tó dúró lásán nìyẹn àbí ti ẹni tó sunkún. Ó ronú sí i, ó ní ti ẹni tó sunkún lè tó ogójì. Mo ní ó ku méjìlélógún. Ó wo aago rẹ̀, ó ní nǹkan kan wà, pé kò sí ẹni tó fẹ́ gba òdòdó tí ìyàwó máa jù sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ tó bá gba òdòdó náà tí kò sì lọ́kọ láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n ní ọdún mẹ́ta ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ti kọ̀, ìyá ọ̀kan sì ti pè é láti ilé pé kó má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́ta láìṣe ìgbéyàwó, láìra bẹ́ẹ̀dì, láìháyà gbọ̀ngàn: owó ńlá ni. Mo ní màá gbà á, ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún kó tó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Wọ́n mú mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó gan-an, nínú aṣọ dúdú tí mo máa ń wọ̀ lọ sí òkú. Ìyàwó náà tẹ̀ sí mi létí. Seorin ni orúkọ rẹ̀. Ara pátákó òdòdó ni mo ti kà á nígbẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú," ó ní, "ta ni yín?"

"Nọ́ńbà mẹ́tàléláàádọ́rin."

Ẹ̀rín pa á débi pé ìpara ojú rẹ̀ ń ṣàn. Ọ̀gbẹ́ni Maeng ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀yìn onífọ́tò pé kí n bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo ronú nípa owó àpòòwé, mo ronú nípa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de yàrá mi, mo ronú nípa gbogbo kimchi, ewébẹ̀ kíkan yẹn, àti ìrẹsì tí mo ti jẹ fún oṣù mẹ́rìnlá. Ẹkún náà jáde, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ìyá ìyàwó rí mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin náà darapọ̀. Bàbá onírùngbọ̀n yẹn wá kọjú sí ògiri. Onífọ́tò bẹ̀ wá pé ó ti tó, pé ìgbéyàwó ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo kẹ́yìn láti dákẹ́. Mo fẹ́ kí ogójì yẹn pé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí Seorin ju òdòdó náà kí fọ́tò lè dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fò sókè. Ẹni tó bá ti jẹ egungun ìhà mẹ́sàn-án rí kó tó fò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbá a mú, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ méjìlélọ́gbọ̀n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí bóyá mo lẹ́ni tí mò ń fẹ́. Mo ní mi ò ní àyè rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ọ̀gbẹ́ni Maeng fi àpòòwé mi lé mi lọ́wọ́, ẹnu àpòòwé náà ṣì wà ní lílẹ̀. Mi ò dúró de lífìtì. Mo gba orí àtẹ̀gùn, òdòdó ní ọwọ́ òsì, àpòòwé ní ọ̀tún, mo sì bá àbúrò Ẹ̀gbọ́n Jina nídìí tabìlì ìpele kẹrin, ó ti fa síípù báàgì dé ìdajì. Mo fi àpòòwé náà há síípù lẹ́nu. Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé, ó sì fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ tuntun.

Mo sáré wọ inú gbọ̀ngàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe àwọn ọ̀rẹ́ fún fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n Jina rí mi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ojú mi wú fún ẹkún, tí mo sì mú òdòdó dání. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn.

"Danbi," ó ní, "ìwọ ahun yìí, ìwọ lo ra òdòdó fún mi?"

Mo kàn bọ́ sí ìlà fọ́tò. Àlàyé rẹ̀ ì bá gùn jù.

Mo kọ ọ́ sí Yàrá Àwọn Alágbe pé mílíọ̀nù mẹ́ta ṣì pé, àti pé tíkẹ́ẹ̀tì kejì wà lọ́wọ́ mi. Inú wọn dùn ju ti ọjọ́ owó oṣù lọ. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ méjìlélọ́gọ́ta mìíràn. Mo lọ. Obìnrin ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ojú mi, ó tún wo tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bu egungun ìhà kan, mo jókòó tì í. Mi ò lè jẹ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà níwájú mi, ara mi sì kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú ẹja. Mo gbìyànjú èso. Ìgbà yẹn ni Omi Ọ̀fẹ́ tó rántí sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ jẹun lè dá tíkẹ́ẹ̀tì padà sídìí tabìlì, kí wọ́n fún un ní ogún ẹgbẹ̀rún won dípò rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti wà nínú àpótí obìnrin yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi bú mi lórí ogún ẹgbẹ̀rún náà, Ìbọ̀sẹ̀ Kan ló sì ṣáájú wọn. Ó tọ́ sí mi.

Láago mọ́kànlá ààbọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Pi gba mílíọ̀nù mẹ́ta rẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó sì bá mi gòkè. Oòrùn wà lórí ilẹ̀ yàrá náà, ó tó ìwọ̀n ẹní kan. Mo dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà mo ṣí fèrèsé náà, atẹ́gùn wọlé, òórùn adìyẹ díndín sì bá a wọlé. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde ní ilé adìyẹ tó wà nísàlẹ̀ kọjú sí fèrèsé mi tààrà, kò sì jìnnà ju apá kan lọ.

Mo bi Ìyá Pi pé aago mélòó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín in.

"Wọ́n kì í dáwọ́ dúró," ó ní. "Ẹni tó gbé ibí kẹ́yìn, ọmọ dáadáa ni. Oṣù mẹ́rin ló lò. Owó adìyẹ ló lé e jáde."

Ogún ẹgbẹ̀rún ni odindi adìyẹ kan. Ẹgbẹ̀rún méje ló kù nínú àpò mi, ọjọ́ owó oṣù sì ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo jókòó sí ibi tí oòrùn dé, mo jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, mo gbé fóònù mi, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Yàrá Àwọn Alágbe láti ra ìdámẹ́rin adìyẹ kan péré, fún ìṣílé.

Abọ́ Òfìfo ló dáhùn, ọ̀rọ̀ méjì ni.

"Ti fèrèsé."

Mo dìde, mo sì tì í.